Àjẹ̀ Orímisàn Ṣì Wà Lájà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ìyá tó bí ìyá mi jẹ́, kí ó má kọ́kọ́ wo àwòrán rẹ̀ tó wà lára ògiri. Kí ó sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ ilé nígbà tí omi bá ti fà, kí ó wo òpó tó wà ní igun tó dojú kọ òkun. Orí òpó ni gbogbo ilé wa wà, nítorí pé abẹ́ wọn kì í gbẹ tán, ṣùgbọ́n òpó yìí nìkan ló ní àpá ọ̀bẹ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìyá Àgbà ló gé wọn. Àwọn àpá tó jinlẹ̀ ni ibi tí omi máa ń dé nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí nígbà tó bá kún rọ̀bọ̀tọ̀. Àwọn tó fẹ́lẹ́ ni ti ọjọ́ tí oṣù bá wà ní ìdajì, tí omi kì í lágbára. Àpá kan wà lókè pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pákó ilẹ̀ ilé. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni omi dé ibẹ̀.

Ó ní, "Kò tíì dé ibẹ̀. Mo gé e dè é ni."

A sin ín ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, sórí ilẹ̀ gbígbẹ kan lọ́nà Ugbonla, nítorí pé ibi tí wọ́n sin àwọn òbí rẹ̀ sí ti di òkun. Mi ò ní sọ ìtàn rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n kì í fi ẹnu kò lórí ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í bá wọn dá sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí mo fi ojú mi rí: bó ṣe ń ṣiṣẹ́, bó ṣe ń jà, àti ohun tó ṣe lọ́jọ́ tí ọdún ìlú kọjá lórí wa láìjẹ́ pé a mọ̀.

Iṣẹ́ edé ló fi jẹun. Ó máa ń ra edé tútù lọ́wọ́ àwọn apẹja, á tẹ́ ẹ sórí àtẹ tó fi ọwọ́ ọ̀pẹ hun, á dáná sábẹ́ rẹ̀. Iná náà kò gbọdọ̀ jó. Èéfín nìkan ló ń wá. Igi tó hù sínú omi iyọ̀ ló ń lò, ó ní igi orí ilẹ̀ máa ń mú edé korò. Lẹ́yìn tó kú, mo dán an wò: mo pín edé inú agbọ̀n kan sí méjì, mo yan ìdajì pẹ̀lú igi inú omi, mo yan ìdajì tó kù pẹ̀lú igi orí ilẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ti orí ilẹ̀ ní ìkorò kan tó máa ń gbẹ̀yìn, ó máa ń dúró sí ẹ̀yìn ahọ́n.

Èéfín yẹn ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Ìyá Ṣadé, aládùúgbò wa. Afárá pákó kan ló wà láàárín ilé méjèèjì, afẹ́fẹ́ òkun sì máa ń gbé èéfín lọ tààrà sí yàrá Ìyá Ṣadé.

"Ìyá Orímisàn! Èéfín rẹ fẹ́ pa mí o!"

"Ṣé ìwọ tó wà lókèèrè lo máa kú ṣáájú èmi tí mo wà nídìí ẹ̀?"

"Wo ojú mi! Omi ń dà lójú mi láti àárọ̀!"

"Sun ẹkún tìẹ," ni Ìyá Àgbà dá a lóhùn, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Èmi ti sun tèmi tán."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, Ìyá Ṣadé gba orí afárá wá, ó jókòó, àwọn méjèèjì jẹ púpurú ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja láti inú abọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí ó fi kú.

Ó tún ń bá àwọn awakọ̀ jà. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì máa ń ru omi sókè nígbà tó bá ń sáré kọjá, ìgbì náà á sì máa gbá òpó ilé wa. Tó bá ti gbọ́ ìró ẹ̀rọ, á jáde pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ rọra o! Ilé ni mo kọ́, mi ò kọ́ ọkọ̀!"

"Ìyá, ẹ má bínú, àwọn èrò ń kánjú!"

"Kí wọ́n fara balẹ̀! Ẹni tó ń kánjú lọ bá òkun, òkun náà ń bọ̀ wá bá a."

Orímisàn tí wọ́n fi ń pè é ni àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Mo ṣì kéré nígbà tó lọ. Ohun tí mo rántí nípa rẹ̀ kò ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, bó ṣe máa ń gbé mi láti inú ọkọ̀ sórí àkàbà ilé pẹ̀lú ọwọ́ kan ṣoṣo. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló jọ lọ pẹja lójú òkun ní àsìkò tí ìjì máa ń já lu ènìyàn láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n rí ọkọ̀ wọn ní ìdojúdé. Wọ́n rí òkú àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì. Wọn kò rí tirẹ̀. Àjẹ̀ rẹ̀, igi pẹlẹbẹ tó fi ń wa ọkọ̀, ni òkun gbé wá sí etí iyanrìn.

Ní ìlú wa, ẹni tí omi bá mú tí a kò rí òkú rẹ̀, a kì í sọ pé ó kú. A máa ń sọ pé ó wà lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ la ó máa sọ ọ́ títí di ọjọ́ ọdún ìlú tí òbí rẹ̀ bá gbà láti fi àjẹ̀ rẹ̀ fún omi. Olúkúlùkù apẹja ló ní àjẹ̀ tirẹ̀, irin gbígbóná ni wọ́n sì fi ń tẹ àmì ilé rẹ̀ sí i lára. Lọ́jọ́ náà, òbí á fi ẹfun kun àjẹ̀, á gbé e wá sí èbúté níwájú gbogbo ìlú. Àgbà kan á pe orúkọ ẹni náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìlú á sì dáhùn pé, "Ó ti lọ o." Nígbà náà ni òbí á gbé àjẹ̀ lé omi tó ń fà lọ sí òkun. Ọwọ́ tó bí i nìkan ló lè gbé e lé omi. Ọwọ́ àbúrò kò lè ṣe é, ọwọ́ ọmọ kò lè ṣe é. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn lọ, ẹnikẹ́ni kò ní fi orúkọ náà pe ìyá rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí ni eré ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àti ijó, àti oúnjẹ.

Ìdí nìyẹn tí ọdún wa fi máa ń bọ́ sí ọjọ́ oṣù tuntun, nígbà tí omi máa ń kún jù, tó sì máa ń fà jù. Ní etíkun tiwa, omi ọjọ́ náà máa ń kún tán ní ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀. Á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú. Lẹ́yìn náà á yí padà. Ìgbà tó bá yí padà yẹn ni ìgbà àjẹ̀. Láyé àtijọ́, akéde kan máa ń wa ọkọ̀ káàkiri àgọ́ àwọn apẹja, á lu agogo, á ní, "Ọjọ́ oṣù tuntun, nígbà tí omi bá yí!" Ó parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè aago. Akéde náà ti kú, wọn kò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ọdọọdún ni àwọn àgbà máa ń wá bá Ìyá Àgbà. Wọ́n á jókòó, wọ́n á gba omi mu, wọ́n á sọ̀rọ̀ yí ká.

"Ìyá Orímisàn, ọdún mà ń bọ̀. Ṣé ti ọdún yìí ni?"

"Ẹ máa ṣe ọdún yín."

"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti ní ìsinmi, Ìyá."

"Àwọn ìyá wọn rí nǹkan sin. Èmi, kí ni mo rí?"

Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ náà wá, wọ́n ní kó fi ọmọ náà sílẹ̀ fún Olúwa. Ó gbọ́ wọn dópin, nítorí pé kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹni tó bá mú Bíbélì lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Olúwa mọ ilé mi. Bó bá fẹ́ gbà á, kó wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Ní gbogbo ìgbà yìí, àjẹ̀ Orímisàn wà lájà, lókè ibi ìdáná. Tí ọyẹ́ bá ti ń parí, á ní kí n gbé e sọ̀kalẹ̀, á fi àdín pa á lára, láti ibi ìdìmú títí dé ẹnu pẹlẹbẹ rẹ̀. Ó ní igi tí kò bá rí omi máa ń là. Àmì ilé wa tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ìlà méjì tó dábùú ara wọn. Ó máa ń fi àtàńpàkò tẹ̀lé ìlà náà bí ẹni tó ń kàwé, kó tó ní kí n dá a padà.

Ohun tó yí i lọ́kàn padà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Òkun ni. Lọ́dọ̀ wa, òkun kì í wọlé bí olè, ó máa ń ránṣẹ́ ṣáájú. Ó kọ́kọ́ mú àwọn àgbọn etí iyanrìn. Ó mú ilé ẹ̀kọ́. Ó mú ojúbọ àtijọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀, kò fi ọ̀kan sílẹ̀ fún èkejì. Nígbà tí ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ abẹ́ ilé wa, a tú pákó rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a kó o sínú ọkọ̀, a wà á lọ sókè odò, a tún un kọ́ síbi tó wà báyìí. Ìyá Àgbà kò wọ ọkọ̀ títí ó fi di ìgbà pákó ìkẹyìn. Orí pákó yẹn ló jókòó sí.

Nígbà tí a dé ilé tuntun, kò dáná edé fún ọjọ́ mélòó kan. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó pè mí. "Fẹ́mi, gbé e sọ̀kalẹ̀." Àsìkò àdín kọ́ nìyẹn. Mo gbé àjẹ̀ náà fún un, ó sì gbé e lé itan.

"Ilé tó mọ̀ ti wà nísàlẹ̀ omi," ló wí. "Bó bá dé, ta ni yóò júwe ibí fún un?"

Ó dá àjẹ̀ náà padà sí ọwọ́ mi.

"Ó tó. Ẹ sọ fún wọn pé ti ọdún yìí ni."

Màámi wà nídìí ààrò nígbà náà. Bọ́lájí ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ọmọ kejì, kò sì sí ẹni tó tíì pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Bọ́lájí rí. Ó gbé ìkòkò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó jáde lọ sórí afárá, ó pẹ́ níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Ìyá Àgbà ń fi orúkọ tuntun tí ìlú máa fi pè é kọ́ra. Á ní, "Fẹ́mi, pè mí wò."

"Ìyá Bọ́lájí."

 Ó ń ṣa edé lọ.

"Pè é lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ìyá Bọ́lájí!"

"Mo gbọ́ ọ," ló wí. "Ọ̀nà ló jìn díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi."

Ìgbìmọ̀ tuntun ló ń ṣètò ọdún báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú tó ń gbé Àkúrẹ́ àti Èkó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọn kì í rán akéde, àwòrán ni wọ́n ń fi sórí fóònù. Mo ṣì ní ti ọdún náà lọ́wọ́, mo sì ti wò ó dáadáa. Ojú olóṣèlú kan tóbi ní àárín rẹ̀, ojú ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ojú àwọn olóyè yí wọn ká. Ojú àwọn tó fi owó ṣètìlẹ́yìn wà nísàlẹ̀, wọ́n kéré bí orí ìṣó. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjọ́, Sátidé, àti "èbúté ìlú." Aago kò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù kan wà ní igun ìsàlẹ̀. Mo pè é títí, wọ́n ti pa á. Mo bèèrè nínú gúrúùpù ìlú pé, "Ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó?" Ẹni àkọ́kọ́ tó fèsì kọ "Àmín." Ẹnì kejì kọ "Ọdún á yabo." Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹnì kan fi àwòrán ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i.

Mo ka ìkéde náà fún Ìyá Àgbà.

"Sátidé," ló wí. "Ṣé oṣù á ti lé?"

Mo wò ó. "Ọjọ́ oṣù tuntun gan-an ni."

"Kí lo tún wá ń pè kiri sí? Wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀."

Lójú rẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìkéde náà. Ẹni tó bá ti sọ oṣù ti sọ omi, ẹni tó bá ti sọ omi ti sọ àkókò. Mo wo ìṣirò omi lórí fóònù mi, mo sì fi wé òpó abẹ́ ilé. Wọ́n bára mu: omi á kún tán ní ìrọ̀lẹ́.

Màámi ló ní kí a tètè lọ láàárọ̀.

"Kí n lọ máa wo ẹrẹ̀?" ni Ìyá Àgbà wí. "Omi á ti fà tán láàárọ̀."

"Ká ṣáà lọ dúró dè wọ́n, Ìyá."

"Bọ́lájí. Láti ìgbà wo ni mo ti ń dúró? Mi ò dúró mọ́ níbì kankan."

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun tó ń wọ̀ lọ gba oúnjẹ Olúwa, ó fi ẹfun kun àjẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí oòrùn kúrò ní àtàrí, a wọ ọkọ̀. Ó kọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, ó ní ariwo kọ́ la fi ń mú ọmọ lọ. Ó jókòó síwájú pẹ̀lú àjẹ̀ Orímisàn lórí itan rẹ̀, Màámi wà láàárín, èmi ń wakọ̀ lẹ́yìn. Omi ń kún, ó ń wọlé láti òkun, a sì ń wà á lọ lójú rẹ̀. Iṣẹ́ ni. A kò gbọ́ ìlù, a kò gbọ́ orin. Màámi wẹ̀yìn wò mí, mo gbọn orí. Ìyá Àgbà ní àwọn ènìyàn ṣì ń múra ni.

A dé ibi tí odò ti yà. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ rí i.

"Fẹ́mi, dúró."

Nǹkan funfun kan ń bọ̀ lójú omi, ó rọra ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa láàárín ewé tó léfòó. Mo fi àjẹ̀ tèmi fà á mọ́ra, mo gbé e sínú ọkọ̀. Àjẹ̀ ni. Wọ́n fi ẹfun kùn ún, àmì tó wà lára rẹ̀ sì dà bí ìrù ẹja. Kò sí ẹni tí kò mọ ilé tó ni àmì yẹn. Ti Débọ̀ ni, ọmọkùnrin tí òkun mú ní òjò tó ṣáájú, tí ìyá rẹ̀ ti fi gbogbo ẹnu sọ pé òun máa fi í sílẹ̀ lọ́dún náà.

Òkun ló yẹ kó máa lọ. Igbó ló ń lọ.

"Wọ́n ti ṣe é," ni Ìyá Àgbà wí. Ó tún ní, "Wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì gbé e lé omi tó ń kún."

Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí n wà á, kí n yára, bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Mo wà á tagbára-tagbára. Nígbà tí a dé èbúté, wọ́n ń tú kánópì, wọ́n ń kó àga oníke sínú ọkọ̀. Ike omi ló ń léfòó lórí omi káàkiri. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó di okùn mú ló rí wa.

"Ẹ kú ìrìn o, Ìyá. Ẹ mà pẹ́ o."

"Ta ni mo pẹ́ sí?" ni Ìyá Àgbà bi í.

"Ọ̀sán la ṣe é. Àwọn àlejò wa láti Àkúrẹ́ ò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá àwọn lórí omi. Àgbà tó ń pe orúkọ náà ti bá wọn lọ." Ó wo àjẹ̀ tó wà lórí itan rẹ̀, ojú sì tì í. "Ìrẹsì ṣì kù o, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n bù ú wá fún yín."

 Ìyá Àgbà ní kí n wà á lọ sí ẹnu odò, níbi tí omi ti ń wọ òkun. A dúró síbẹ̀. Ó bu ẹfun tó kù nínú aṣọ rẹ̀, ó tún àjẹ̀ Débọ̀ kùn níbi tí omi ti fọ̀ ọ́. Omi kún tán, ó dúró. Nígbà tó yí, tí a rí i tí ewé ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìhà òkun, Ìyá Àgbà tẹ̀ síwájú, ó gbé àjẹ̀ Débọ̀ lé e.

Mo ní, "Ìyá Àgbà, ọwọ́ tó bí i nìkan ni wọ́n ní."

"Ìyá rẹ̀ ti gbé e lé omi. Ọ̀nà ló ṣì. Mo kàn júwe ọ̀nà fún un ni."

A wò ó títí ó fi kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Nígbà náà ni Màámi fi ọwọ́ kan àjẹ̀ Orímisàn. Omijé ti bò ó lójú.

"Ìyá, ẹ gbé tiwa náà lé e. Omi ń fà. Àwa mẹ́ta la wà níbí, èmi á dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé kí n jí ọmọ mi sin ni, Bọ́lájí?" Kò pariwo. "Ìlú ló gbọ́ nígbà tí mo bí i. Ìlú ló máa gbọ́ nígbà tí mo bá fi í sílẹ̀."

Mo wakọ̀ wálé. Omi tó ń fà ni mo tún ń wà á lójú rẹ̀, bí mo ṣe wà á lójú èyí tó ń kún nígbà tí a ń lọ. Nílé, ó ní kí n gbé àjẹ̀ náà padà sájà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ṣadé kígbe láti orí afárá pé, "Ìyá Bọ́lájí, ẹ kú ọdún o!" Ó rò pé a ti ṣe é. Ìyá Àgbà fi igi sínú ààrò. "Èwo ni Ìyá Bọ́lájí?" ló wí. Màámi gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún pe orúkọ náà nínú ilé wa.

Alága ìgbìmọ̀ ọdún wá bẹ̀ ẹ́. Káyọ̀dé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí pákó títí Ìyá Àgbà fi ní kó dìde.

"Ìyá, a fi síta lórí fóònù, ó ti pẹ́ ká tó ṣe é."

"Mo rí i."

"Ẹ rí i?"

"Fẹ́mi kà á fún mi. Ẹ ya ojú gbogbo ènìyàn síbẹ̀. Ojú omi nìkan lẹ ò yà."

Káyọ̀dé sọ orí kọ́. Ó ní lọ́dún tó ń bọ̀, òun fúnra òun á fi ọkọ̀ wá gbé e. Ìyá Àgbà di edé fún un sínú ewé, nítorí pé òun ló gbẹ̀bí ìyá Káyọ̀dé nígbà tó bí i. "Máa mú un lọ fún ìyá rẹ," ló wí. "Ọdún tó ń bọ̀, ìwọ lo mọ ibi tó wà. Èmi ò mọ̀ ọ́n."

Ó kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ sọ fún Ìyá Débọ̀ pé àjẹ̀ ọmọ rẹ̀ ti padà wá. Ó ní obìnrin náà ti ń sùn, kí a má jí i. A kò sọ ọ́ nígbà tí Ìyá Àgbà wà láàyè. Níbi ìsìnkú rẹ̀ ni Màámi tó sọ ọ́, Ìyá Débọ̀ sì jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun dìde.

Àyà ló pa Ìyá Àgbà, àti ikọ́ èéfín tó ti ń wọ̀ ọ́ lára láti ìgbà ọmọge. Nínú ọyẹ́, mo máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ wo òpó fún un, màá sì gòkè wá sọ ibi tí omi dé. Ó máa ń tún mi ṣe láti orí ẹní. "Kò lè jẹ́ ibẹ̀. Lọ wò ó dáadáa." Tí mo bá tún lọ wò ó, èmi ló máa ń jẹ̀bi. Ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ó fi ojú wá àjà. Màámi rò pé ó fẹ́ kí a gbé àjẹ̀ náà sọ̀kalẹ̀ fún un.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀," ló wí. "Ẹ má gbé e fún omi lẹ́yìn mi. Ọwọ́ yín kọ́."

Nígbà tí a sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ilẹ̀, àgbà tó ń pe orúkọ dúró ní orí sàréè. Òun gan-an ni ẹni tó bá àwọn àlejò lọ lọ́jọ́ ọdún. Ó yíjú sí Màámi, ó rọra bi í pé, "Orúkọ wo ni ká pè?"  Orúkọ tí Màámi ti ń dúró dè látìgbà tí ó ti ní làákàyè ti wà ní ẹnu rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa bá a jiyàn.

"Ìyá Orímisàn," ni Màámi wí.

Àgbà náà pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìlú sì dáhùn.

Ìkéde ọdún ìlú ti ọdún yìí ti jáde. Ojú tó wà lára rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ti fi aago sí i báyìí: aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀. Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ náà, omi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fà tán, kí àwọn àlejò sì tó jókòó, á ti máa kún. Mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù ìlú. Àmín ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Nígbà tí òjò dá lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé àjẹ̀ náà sọ̀kalẹ̀, mo fi àdín pa á lára, láti ibi ìdìmú títí dé ẹnu pẹlẹbẹ rẹ̀, mo sì dá a padà sájà. Ìyá Orímisàn ti lọ. Orímisàn ṣì wà lójú ọ̀nà.